Kí ni bulimia, àìsàn tó ń mú kí èèyàn jẹ àjẹjù, kó sì máa bì í padà? Wo àmì rẹ̀ àti ọ̀nà ìtọ́jú

Ọ̀pọ̀ ìyá nirú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọ wọn obìnrin á jẹun tán, á wọ balùwẹ̀ lọ, wọ́n á sì máa gbọ́ tó ń bì. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá sí ìyá lọ́kàn ni oyún. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kò sí oyún, wọ́n á ní ọgbẹ́ inú ni, wọ́n á sáré lọ ra oògùn ní kẹ́míìsì. Bí ìyẹn náà ò bá ṣiṣẹ́, àdúrà á bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn á sì ní wọ́n ń fún ọmọ náà lóúnjẹ jẹ lójú oorun. Nínú gbogbo sáré-sókè-sáré-sódò yìí, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan fara balẹ̀ bi ọmọ náà bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ń mú ara rẹ̀ bì, àti ohun tó ń bà á nínú jẹ́ tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àìsàn kan wà tó máa ń rí báyìí. Bulimia ni orúkọ rẹ̀. Ó ń ba eyín jẹ́, ó ń da bí ọkàn ṣe ń lù rú, ó sì lè pa èèyàn bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì gba ìtọ́jú ló ń bọ́ nínú rẹ̀.

Kí gan-an ni bulimia?

Bulimia jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àìsàn ọpọlọ tó jẹ mọ́ oúnjẹ jíjẹ. Ohun méjì ló máa ń wà nínú rẹ̀. Èkíní ni pé ẹni tó ní i á jẹ oúnjẹ tó pọ̀ gan-an láàárín àkókò díẹ̀, kò sì ní lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Èkejì ni pé bó bá jẹ ẹ́ tán, ìbẹ̀rù á mú un pé òun máa sanra, á wá máa wá bó ṣe máa mú oúnjẹ náà kúrò lára. Àwọn kan á mú ara wọn bì. Àwọn mìíràn á lo oògùn ìyàgbẹ́ tàbí oògùn tó ń múni tọ̀. Àwọn kan ò ní bì rárá, ṣùgbọ́n wọ́n á febi pa ara wọn lọ́jọ́ kejì, tàbí kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá kọjá ohun tí ara lè gbà.

Kì í ṣe gbogbo àjẹyó ló jẹ́ bulimia o. Ẹni tó jẹ ìrẹsì àti iyán pọ̀ níbi ìgbéyàwó, tó wá ń di ikùn mú lálẹ́, kò ní àìsàn kankan. Ẹni tó bì torí pé oúnjẹ tó jẹ kò bá a lára mu náà ò ní bulimia. Ìwé ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2013, tí wọ́n ń pè ní DSM-5, sọ pé àjẹjù àti wíwá ọ̀nà láti mú un kúrò gbọ́dọ̀ máa wáyé ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ìrísí ara tàbí ìwọ̀n ara ni ẹni náà fi ń díwọ̀n bí òun ṣe níyì tó. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ìlànà náà ń bèèrè. Síbẹ̀, ẹni tí tiẹ̀ ò tíì tó iye yìí náà lè lọ rí dókítà. Kò dìgbà tí iná bá dé òrùlé kéèyàn tó bu omi.

Ohun tó mú kí ó ṣòro láti dá a mọ̀ ni pé ẹni tó ní bulimia kì í sábà rù. Ìwọ̀n ara rẹ̀ lè rí bíi ti gbogbo èèyàn, ó sì lè sanra díẹ̀. Níbi èyí ló ti yàtọ̀ sí anorexia, àìsàn oúnjẹ mìíràn tó máa ń mú kí èèyàn febi pa ara rẹ̀ títí á fi rù kan egungun. Ìdí nìyí tí òbí fi lè máa bá ọmọ tó ní bulimia gbé nínú ilé kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfura.

Níbo ni orúkọ náà ti wá?

Inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú un. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀, ọ̀kan túmọ̀ sí màlúù, èkejì túmọ̀ sí ebi. Ebi màlúù ni, ìyẹn ebi tí kò ṣeé tẹ́ lọ́rùn.

Lọ́dún 1979, Gerald Russell, dókítà ọpọlọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa aláìsàn 30 tí gbogbo wọn ń jẹ àjẹjù, tí wọ́n ń mú un kúrò lára, tí ẹ̀rù sísanra sì ń bà wọ́n kọjá ààlà. Ìwé yẹn ló jẹ́ kí àwọn dókítà káàkiri ayé mọ̀ pé àìsàn kan tó dá dúró nìyí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyẹn 1980, bulimia wọ inú ìwé ìlànà àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ kí aráàlú mọ̀ ọ́n jù lọ ni Diana, ìyàwó Charles tó jẹ́ ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 1995, ó sọ lórí ètò Panorama ti BBC pé òun ní bulimia fún ọdún mélòó kan, ó sì ṣàlàyé pé àìsàn ìkọ̀kọ̀ ni. Obìnrin tí gbogbo ayé ń wò, tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ lójoojúmọ́, ló ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè fojú rí. Bí ó bá lè ṣe ẹni tó wà láàfin, kò sí ilé tí kò lè wọ̀.

Ṣé àìsàn àwọn òyìnbó kọ́ nìyí?

Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. Wọ́n á ní nígbà tí ẹlòmíràn ń wá oúnjẹ tí kò rí, ta ló máa jẹun tán kó tún bì í? Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Fiji, láàárín òkun Pàsífíìkì, yẹ kó kọ́ni lọ́gbọ́n.

Àwọn ará Fiji fẹ́ràn ara tó kún. Bíi ti ilẹ̀ Yorùbá ni, níbi tí "ẹ mà ti sanra o" ti jẹ́ ìkíni tó ń múnú ẹni dùn. Lọ́dún 1995, tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé agbègbè Nadroga lórílẹ̀-èdè náà. Anne Becker, dókítà ọpọlọ kan láti Harvard, fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ girama lẹ́nu wò lọ́dún náà. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó ní òun ń mú ara òun bì nítorí kí òun má baà sanra. Nígbà tó padà lọ bi àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mìíràn ní 1998, ìdá 11.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé àwọn ń ṣe é. Ọdún mẹ́ta péré ló wà láàárín. Àwọn ọmọ náà sọ pé àwọn fẹ́ dà bí àwọn obìnrin tí wọ́n ń rí nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n.

Lónìí, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n nìkan mọ́. Fóònù ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, àwòrán ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ àti ikùn pẹlẹbẹ sì kún orí Instagram àti TikTok, pẹ̀lú àwọn tó ń polówó tíì tó ń fọ ikùn àti ògùn ajẹ́birù. Nílé àti ládùúgbò wa náà, ẹnu tó ń sọ pé "o ti rù, ṣé kò sí?" ló tún ń pe ẹlòmíràn ní "orobo". Ọmọ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì yìí kì í mọ èyí tí ì bá ṣe.

Kí ló ń fà á?

Kò sí ohun kan ṣoṣo tí èèyàn lè nawọ́ sí. Àwọn onímọ̀ sọ pé ó lè máa rìn nínú ẹbí, torí náà àjogúnbá wà níbẹ̀. Ẹ̀gàn àti ìfiniṣẹ̀sín nípa ara wà níbẹ̀, pàápàá nígbà èwe. Ìbànújẹ́ ọkàn, àníyàn, ìwà ipá tàbí ìfipábánilòpọ̀ tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn náà lè dá sí i. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n ti ń wo ara wọn wà nínú ewu ju àwọn ẹlòmíràn lọ: àwọn oníjó, àwọn tó ń fi ara polówó aṣọ, àti àwọn eléré ìdárayá tí wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ìwọ̀n kan kí wọ́n tó lè díje.

Ìgbà tí èèyàn ń bàlágà títí dé nǹkan bí ẹni ogún ọdún lé díẹ̀ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ní i, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin náà ń ní i. Tiwọn tiẹ̀ tún máa ń fara sin jù, torí pé ojú ń tì wọ́n láti sọ pé àìsàn tí wọ́n gbà pé tobìnrin ni ló ń ṣe àwọn.

Ohun kan dájú: kì í ṣe ọ̀kánjúwà, kì í ṣe àìmoore, kì í sì í ṣe àṣejù ọmọ tó ń wá ojú ayé. Àìsàn ni.

Bó ṣe ń yí bíi kẹ̀kẹ́

Bí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan bá pinnu lọ́jọ́ Ajé pé òun ò ní fẹnu kan búrẹ́dì, ìrẹsì tàbí ẹ̀bà mọ́, tí kò sì ní jẹun àárọ̀, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Títí di ọ̀sán, á rò pé òun ń borí. Tó bá fi máa di alẹ́, ebi ti ń pa á débi tí ọpọlọ rẹ̀ ò ti lè ronú nǹkan mìíràn. Bó bá tún wá gba ìpè tó bà á nínú jẹ́, tàbí tó rí èsì ìdánwò tí kò dára, á kọjú sí oúnjẹ. Bó bá ti jẹ búrẹ́dì ẹyọ kan, á ní òun ti ba ọjọ́ náà jẹ́, á wá máa jẹ gbogbo ohun tó bá rí. Lẹ́yìn náà ni ìtìjú àti ìbẹ̀rù á dé, á lọ bì í. Ara á fúyẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, á kórìíra ara rẹ̀, á sì búra pé lọ́la òun ò ní jẹun rárá. Ìbúra yẹn ló máa bí àjẹjù mìíràn.

Ìdí nìyí tí "ṣáà ṣe ọkàn akin" kò fi lè wo bulimia sàn. Ìgbà tí ẹni náà bá le mọ́ ara rẹ̀ jù ni ebi máa ń gùn ún jù.

Ohun mìíràn tó yẹ kí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú oúnjẹ kúrò yìí kò ṣe ohun tí wọ́n rò pé ó ń ṣe. Bíbì kì í kó gbogbo oúnjẹ tí èèyàn jẹ jáde, torí pé ara ti ń gba nínú rẹ̀. Ìfun ńlá ni ọ̀pọ̀ oògùn ìyàgbẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn tí ara ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó fẹ́ mú nínú oúnjẹ náà. Omi àti iyọ̀ ara ló ń gbé jáde. Bí òṣùwọ̀n bá sọ̀ kalẹ̀, omi ló lọ, ó sì máa padà lẹ́yìn tí èèyàn bá mu omi.

Àwọn àmì tí ará ilé lè rí

Àmì kan ṣoṣo ò tó láti fi dájọ́, ṣùgbọ́n bí mélòó kan nínú wọn bá pé sójú kan, ó yẹ kí wọ́n fura:

- Ó máa ń lọ sí balùwẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá jẹun tán.
- Oúnjẹ tó pọ̀ ń pòórá nílé, tàbí kí wọ́n rí ọ̀rá bisikíìtì àti búrẹ́dì tó pọ̀ níbi tó fi wọ́n pamọ́ sí.
- Kì í fẹ́ jẹun níwájú èèyàn, ó sì ń yẹra fún òde àríyá.
- Ó ń wọn ara rẹ̀ lóòrèkóòrè, ó sì ń sọ̀rọ̀ burúkú nípa ara rẹ̀ níwájú dígí.
- Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi ti ẹni tí ṣegede ń ṣe.
- Àpá tàbí awọ líle wà lẹ́yìn ìka ọwọ́ rẹ̀. Àwọn dókítà fi orúkọ Russell pe àmì yìí, torí òun ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀.
- Eyín ń dùn ún bó bá mu omi tútù, tàbí kí eyín rẹ̀ máa yí àwọ̀ padà.
- Ọ̀fun ń dùn ún lemọ́lemọ́, ohùn rẹ̀ sì há.
- Ìbínú, ẹkún, àìróorunsùn, àti dídá wà lóun nìkan.
- Oògùn ìyàgbẹ́ tàbí àgbo tó ń ṣu ni ni wọ́n ń bá nínú báàgì rẹ̀ nígbà gbogbo.

Dókítà eyín ló máa ń kọ́kọ́ fura nígbà mìíràn. Omi kíkan inú ikùn tó ń gba ẹnu jáde máa ń jẹ eyín láti ẹ̀yìn, pàápàá eyín iwájú tòkè, lọ́nà tí ṣúgà kì í gbà jẹ ẹ́.

Ohun tó ń ṣe fún ara

Ewu tó tóbi jù lọ ni èyí tí èèyàn ò lè fojú rí. Bí èèyàn bá ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru lemọ́lemọ́, omi ara á dín kù, èròjà potassium inú ẹ̀jẹ̀ náà á sì lọ sílẹ̀. Potassium yìí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ọkàn máa lù bó ṣe yẹ. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, ọkàn lè máa lù ségesège, ó sì lè dáwọ́ dúró lójijì. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lójú gbogbo èèyàn lè ṣubú lulẹ̀ báyìí.

Yàtọ̀ sí ọkàn, bulimia lè mú kí ọ̀fun ya, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa bá èébì jáde. Ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn tó ń lo oògùn ìyàgbẹ́ fún ìgbà pípẹ́ lè dé ibi tí ìfun wọn ò ti ní fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́ láìlo oògùn. Nǹkan oṣù obìnrin lè máa ṣe ségesège. Bí ẹni tó ní bulimia bá lóyún, ó yẹ kó sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì aláboyún, torí pé ó lè ṣàkóbá fún òun àti ọmọ inú rẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń yọ abẹ́rẹ́ insulin rẹ̀ sílẹ̀ kó lè rù wà nínú ewu ikú pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ọkàn náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní bulimia ló tún ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àwọn kan sì ń ronú láti gba ẹ̀mí ara wọn.

Ìgbà tó bá di pàjáwìrì

Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí dókítà dá, ẹ gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó bá sún mọ́ yín jù lójú ẹsẹ̀ bí:

- ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú èébì rẹ̀ tàbí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà;
- ó bá dákú, tàbí gìrì bá mú un;
- àyà bá ń dùn ún, tàbí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège;
- ẹsẹ̀ àti apá rẹ̀ ò bá lágbára, tàbí iṣan rẹ̀ ń fà á gan-an;
- ó bá ń sọ pé ayé ti sú òun, tàbí pé òun fẹ́ kú.

Bó bá jẹ́ èyí tó kẹ́yìn ni, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ sì kó oògùn àti ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí. Nọ́ńbà pàjáwìrì lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni 112.

Ìtọ́jú wo ló wà?

Ìtọ́jú tí ìwádìí tì lẹ́yìn jù lọ ni èyí tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ṣe, tí àwọn dókítà ń pè ní CBT. Christopher Fairburn, dókítà ọpọlọ ní Oxford, ló wà lára àwọn tó ṣe é fún bulimia láti nǹkan bí ọdún 1981. Nínú rẹ̀, aláìsàn àti olùtọ́jú á jókòó papọ̀ ní nǹkan bí ogún ìgbà láàárín oṣù márùn-ún. Kì í ṣe ìwàásù, kì í sì í ṣe ìbáwí. Aláìsàn á máa kọ ohun tó jẹ sílẹ̀, ìgbà tó jẹ ẹ́, àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí nígbà náà. Wọ́n á kọ́ ọ láti máa jẹun lásìkò, oúnjẹ mẹ́ta lójúmọ́ pẹ̀lú ìpápánu láàárín, kí ebi má baà gùn ún. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa yẹ èrò tó ní nípa ara rẹ̀ wò.

Ìlànà tí àjọ NICE gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2017 sọ pé àgbàlagbà lè fi ìwé ìrànwọ́ ara-ẹni tí wọ́n gbé ka CBT bẹ̀rẹ̀, kí olùtọ́jú sì máa tọ́ ọ sọ́nà. Bí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ CBT fúnra rẹ̀. Ní ti àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, ìlànà náà ní ìtọ́jú tí ẹbí ń bá wọn ṣe ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò. Òbí á di alábàáṣe dókítà, wọn ò ní sọ ọ́ di ẹlẹ́bi.

Oògùn náà wà. Fluoxetine, oògùn tí wọ́n ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún bulimia. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà lọ́wọ́ ara rẹ̀ o. Dókítà ló máa pinnu ẹni tó yẹ àti ìwọ̀n tó máa lò, torí pé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì mìíràn wà, bupropion, tó lè fa gìrì fún ẹni tó ní bulimia.

Níbo ni èèyàn lè lọ?

Ẹni tó wà ní Nàìjíríà lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ìlera gbogbogbòò ní jẹ́nẹ́rà tó sún mọ́ ọn. Dókítà yẹn á yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn wò, á sì kọ̀wé ránṣẹ́ sí àwọn tó mọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá l'Ékòó àti ní Arò l'Abẹ́òkúta. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní UCH n'Ìbàdàn, ní LUTH l'Ékòó, àti ní ilé ìwòsàn yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ílé-Ifẹ̀.

Orúkọ Arò àti Yábàá ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sẹ́yìn. Wọ́n á ní "ṣé mo ya wèrè ni?" Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń rìn ìhòòhò lọ́jà nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ti ibi iṣẹ́ wọn wá, tí wọ́n rí dókítà, tí wọ́n sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Láti ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò tó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó yí Arò ká nígbà tí wọ́n ń gba ìtọ́jú. Nínú oṣù kìíní ọdún 2023 sì ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ti wà láti ayé àwọn amúnisìn, ó sì fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè lọ bá GP wọn, wọn ò ní san owó. Wọ́n lè pe 111 ti NHS fún ìmọ̀ràn. Ẹgbẹ́ aláàánú Beat náà wà níbẹ̀ fún àwọn tó ní àìsàn oúnjẹ àti ẹbí wọn.

Bí èèyàn bá dé iwájú dókítà tí kò mọ bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀, gbólóhùn yìí ti tó: "Dókítà, mo máa ń jẹ àjẹjù, mo sì máa ń mú ara mi bì lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò lè dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́." Ó lè kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹnu rẹ̀ ò bá gbà á. Kó má fi oògùn ìyàgbẹ́ tàbí àgbo tó ń lò pa mọ́ fún dókítà.

Ohun tí ẹbí lè ṣe

Ohun tí ò yẹ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n má pariwo níwájú àlejò. Kí wọ́n má sọ pé "ṣé oúnjẹ tí mo fowó rà lo ń lọ dà nù?" Lóòótọ́, oúnjẹ wọ́n, ọ̀rọ̀ náà sì ń dun òbí. Ṣùgbọ́n ìtìjú ni àìsàn yìí ń jẹ, ẹni tó bá sì fi ìtìjú kún un ń fún un lóúnjẹ ni. Kí wọ́n má sọ pé "o ò kúkú rù" tàbí "ara ẹ ti wá dáa báyìí". Kódà, ìyìn nípa ara lè dá a padà sẹ́yìn.

Ìgbà tí kò sí oúnjẹ nílẹ̀, tí ilé dákẹ́, ló dára láti sọ ọ́. Ìyá lè sọ pé: "Ọmọ mi, mo ti ń ṣàkíyèsí pé inú rẹ kì í dùn tó o bá jẹun tán. Mi ò bínú sí ẹ. Kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an?" Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n lọ̀rọ̀ kàn, àbúrò lè sọ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé mo dá sí i. Ọkàn mi ò balẹ̀ nípa yín. Tí ẹ bá fẹ́ lọ rí dókítà, màá bá yín lọ." Ó lè sẹ́ lẹ́ẹ̀kíní. Kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n tún padà sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́ lọ́jọ́ mìíràn. Bí àmì pàjáwìrì bá ti wà, kò sí ọ̀rọ̀ dídúró.

Nílé, ó dára kí gbogbo ará ilé máa jẹun pọ̀ lásìkò, kí wọ́n sì jókòó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Kí àwẹ́rí ara àti ìpè "orobo" kásẹ̀ nílẹ̀ nínú ilé náà.

Àdúrà kò burú, dókítà kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ lè jẹ́ ewu fún ẹni tó ní bulimia, torí pé ebi gígùn ló ń bí àjẹjù. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù yọ̀ǹda fún aláìsàn kó má gbààwẹ̀, àwọn pásítọ̀ náà sì lè gbọ́ àlàyé. Kó bá dókítà rẹ̀ àti àfáà tàbí pásítọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ọjọ́ ìtọ́jú tó pé

Ẹni tó ń ṣe lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi kékeré. Kó sọ fún ẹnì kan ṣoṣo tó fọkàn tán. Kó má fo oúnjẹ àárọ̀, kódà bó bá jẹ àjẹjù lálẹ́ àná. Bó bá bì, kó fi omi yọ ẹnu, kó má sì fọ eyín lójú ẹsẹ̀, torí pé omi kíkan ti sọ ojú eyín di rírọ̀, búrọ́ọ̀ṣì á sì máa họ ọ́ kúrò. Kó yọ ara rẹ̀ kúrò lẹ́yìn àwọn ojú ìwé tó ń mú kó kórìíra ara rẹ̀ lórí fóònù.

Ìwòsàn kì í dé lọ́jọ́ kan. Ẹni tó ti lo oṣù mẹ́ta láìbì lè ṣubú lọ́jọ́ tí ọkàn rẹ̀ bá bàjẹ́. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé gbogbo iṣẹ́ ti wọmi. Kó jẹ oúnjẹ tó kàn lásìkò, kó sì sọ fún olùtọ́jú rẹ̀. Bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ni ó ṣe máa ń rọrùn tó.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà bá bulimia mu ju ọ̀pọ̀ àìsàn lọ, torí inú ìdákẹ́jẹ́ ló ti ń dàgbà. Ọjọ́ tí ẹni tó ní i bá la ẹnu sọ ọ́ fún ẹni tí kò ní fi í ṣẹ̀sín ni ìwòsàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.